Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Pé Ọkùnrin Ni Ọ́? Ọ̀rọ̀ Ìṣakọ ní Ilẹ̀ Dómíníkì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ jẹ́ ká lọ dúró ní ìkóríta kan ní Santo Domingo, olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dómíníkì ní Òkun Kàríbíánì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní colmado, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, òróró, ọṣẹ àti àlùbọ́sà, tí ọtí bíà sì tutù nini nínú fíríìjì. Níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin mẹ́rin jókòó yí tábìlì kan ká, dòmínò ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá kàn kì í rọra gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ńṣe ló máa ń là á mọ́ tábìlì tí ẹni tó wà ní ojúlé kẹta yóò fi gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ báyìí ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ dé, tí ìyá rẹ̀ rán wá ra ṣúgà. Kó tó na owó sí ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà yìí ti bi í léèrè pé ọ̀rẹ́bìnrin mélòó ló ní. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó na ìka mẹ́ta sókè, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbèrò ibi sí ọmọ náà. Àwàdà ni, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì bi àwọn náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Síbẹ̀, ìdánwò ni, ọmọ náà sì ti mọ̀ pé ìdánwò ni, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dáhùn pé òun kò ní ọ̀kankan, ẹ̀rín tí wọ́n máa rín yóò yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí ìdí tábìlì yẹn rárá.

Ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “machismo” rí. Nínú èdè Sípéènì, akọ ni wọ́n ń pè ní “macho”, títí kan akọ ẹranko. Èdè Yorùbá kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ara akọ yìí kan náà ni “ṣakọ” ti jáde, èyí tí a fi ń júwe ẹni tó ń yan fanda, tó ń fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun. Ìṣakọ ni n ó máa pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Dómíníkì ló gbà pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló gbóná, pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Èmi kò gbà. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ gbígbóná yìí ní ẹni tó gbìn ín, ó sì ní àwọn tó ń bomi rin ín. Ohun tí mo rí sí i ni pé jíjẹ́ ọkùnrin níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ènìyàn, oyè ni. Àwọn tó ń wò ló ń fi í jẹ, àwọn kan náà ló sì lè rọ̀ ọ́ lóyè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wo àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, ẹ ó rí i. Orúkọ tó wuyì jù ni tíguere, tí wọ́n fà yọ láti ara orúkọ ẹkùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba àti jagunjagun la máa ń fi wé ẹkùn, ṣùgbọ́n ẹkùn ti Santo Domingo kò ní igbó. Ìgboro ni igbó rẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó mọ aṣọọ́ wọ̀, tí owó kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí obìnrin ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́ jẹ. Bí ẹ bá sọ ọ́ sókè nígbà mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ni yóò fi balẹ̀ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ń kan sáárá sí i, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó wá fẹ́ ọmọ òun. Òdìkejì rẹ̀ ni pariguayo, ọkùnrin tó lọ sóde àríyá, tó fara ti ògiri, tó ń wo àwọn tó ń jó. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ara àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tó wá gba ìlú wọn láàárín ọdún 1916 sí 1924 ni orúkọ náà ti wá, àwọn tó máa ń dúró wo ijó láìjó. Ẹ kíyè sí i pé pariguayo kò hùwà burúkú kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń wòran nígbà tó yẹ kó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń wò.

“Guapo” ńkọ́? Ní Spéìn, ọkùnrin tó rẹwà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Dómíníkì, ẹni tí inú ń bí tàbí ẹni tí kì í sá fún ìjà ni, bí ẹni pé ìbínú gan-an ni ẹwà ọkùnrin. Èyí tó kù ni “pájaro”, ìyẹn ẹyẹ. Orúkọ yìí ni wọ́n ń sọ lu ọkùnrin tí wọ́n bá fura sí pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n kì í mọ sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn nìkan. Ọmọkùnrin tó sunkún nítorí pé ó ṣubú, èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, èyí tó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣeré, èyí tó sọ pé òun kò fẹ́ jà: gbogbo wọn ni ẹyẹ yẹn lè bà lé lórí. Mo gbà pé ìbẹ̀rù orúkọ yìí ń darí ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin níbẹ̀ ju ìfẹ́ obìnrin lọ.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ti wá? Ọ̀rọ̀ àwọn amúnisìn láti Spéìn wà níbẹ̀, ti oko ẹrú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí ọ̀pọ̀ erékùṣù Òkun Kàríbíánì ló pín nínú ìyẹn. Èyí tó kan Dómíníkì gbọ̀ngbọ̀n ni ti àwọn balógun agbègbè, àwọn caudillo, tí wọ́n ní ẹṣin, tí wọ́n ní ìbọn, tí àwọn ọkùnrin sì ń tọ̀ lẹ́yìn nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀gá àwọn le. Ọ̀nà tí irú wọn ń gbà dórí àlééfà náà ni wọ́n ń gbà kúrò níbẹ̀: wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Ulises Heureaux ní ìlú Moca ní ọdún 1899, Ramón Cáceres tó wà lára àwọn tó pa á di ààrẹ lẹ́yìn náà, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà ní ọdún 1911. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà dé, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tuntun sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti San Cristóbal, tó ti ṣiṣẹ́ tẹligíráàmù, tó sì ti ṣọ́ oko ìrèké rí, ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Rafael Leónidas Trujillo ni orúkọ rẹ̀. Ó gba ìjọba ní ọdún 1930, agbára kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1961.

Bí ẹ kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú ètò yìí, ẹ rántí pátákó kan. Ní ayé Trujillo, wọ́n máa ń gbé pátákó kékeré kọ́ sínú ilé, tí wọ́n kọ sí i lára pé, “Nínú ilé yìí, Trujillo ni ọ̀gá.” Ẹ fojú inú wo baálé ilé kan tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ṣí fìlà, tó jókòó sí pálọ̀ tirẹ̀, láàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí pátákó náà sì wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ Trujillo pe olú-ìlú láti ọdún 1936, wọ́n ń pè é ní Olóore Ilẹ̀ Baba, wọ́n sì ń kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Ọlọ́run. Síbẹ̀, lójú tèmi, pátákó inú pálọ̀ yẹn ló burú jù. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwọn yòókù di ọmọdé rẹ̀.

Òbúkọ ni àwọn ènìyàn ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yẹ kí n túmọ̀ orúkọ náà fún Yorùbá. Ó máa ń ránṣẹ́ mú ọmọbìnrin àti ìyàwó àwọn ìjòyè rẹ̀, ilé kan tí wọ́n ń pè ní Casa de Caoba, ní San Cristóbal, sì wà lára ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn, àmọ́ òṣèlú ni pẹ̀lú. Bàbá tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn mọ́jú, tó sì tún wá fi ẹ̀rín kí Ọ̀gá ní òwúrọ̀, kò tún lè gbóhùn sókè sí i láéláé. Àwọn ọlọ́lá Santo Domingo ti kọ̀ láti gba Trujillo wọ ẹgbẹ́ wọn nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ-ogun; ọ̀nà tó fi san án fún wọn nìyẹn, ó sọ wọ́n di yẹpẹrẹ nínú ilé ara wọn. Kí ló wá kù fún ọkùnrin tí wọ́n ti gba ilé mọ́ lọ́wọ́? Ìgboro ló kù: ibi ìjà àkùkọ, ìdí dòmínò, ìdí ọtí, ilé àlè tó wà ní àdúgbò kejì, àti ìkúùkù tó ń ba ìyàwó nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé. Àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé lórí tíguere sábà máa ń tọ́ka sí àkókò yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń díbọ́n, tó mọ ìgbà tó yẹ kó rẹ́rìn-ín àti ìgbà tó yẹ kó sá, ló ń yè é.

Obìnrin ló dìde tú àṣírí Òbúkọ náà. Minerva Mirabal, ọmọ àgbẹ̀ olówó kan láti agbègbè Salcedo, kọ Trujillo níbi àríyá kan ní ọdún 1949. Wọ́n ju bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n, nígbà tí Minerva fúnra rẹ̀ sì parí ẹ̀kọ́ òfin, wọn kò fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò fi ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Patria àti àbúrò rẹ̀ María Teresa wọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó fẹ́ lé Trujillo kúrò, Labalábá sì ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń ti Puerto Plata bọ̀, níbi tí wọ́n ti lọ wo ọkọ Minerva àti ti María Teresa lẹ́wọ̀n, àwọn ẹmẹ̀wà Trujillo dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n lu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pẹ̀lú awakọ̀ wọn, Rufino de la Cruz, wọ́n sì ti ọkọ̀ náà sí ọ̀gbun kó lè dà bí ìjàǹbá. Kò tó oṣù méje sí i tí ìbọn ba Trujillo náà. Ọjọ́ ikú wọn yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ní ọdún 1999 fún ìgbógunti ìwà ipá sí obìnrin, tó fi jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń rántí ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọ orúkọ àwọn tó ni ín kò pọ̀.

Ilẹ̀ Dómíníkì tún ní ọkùnrin mìíràn tí wọ́n fi ń yangàn: Porfirio Rubirosa, aṣojú ìjọba Trujillo ní òkè òkun, tó fẹ́ ìyàwó márùn-ún, tí ọmọ Trujillo jẹ́ àkọ́kọ́ wọn, tí méjì nínú wọn sì wà lára àwọn obìnrin tó lówó jù lọ ní Amẹ́ríkà; inú ọkọ̀ Ferrari ló kú sí ní Paris ní ọdún 1965. Tíguere tó wọ kóòtù, tó de táì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni Joaquín Balaguer, tó jẹ́ ààrẹ fún ohun tó ju 20 ọdún lọ lápapọ̀: ọkùnrin kúkurú, olóhùn pẹ̀lẹ́, tó ń kọ ewì, tí kò gbéyàwó rí, tí ojú rẹ̀ sì fọ́ ní ọjọ́ ogbó. Ìjọba rẹ̀ le, àkùkọ pupa sì ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Agbára ti jẹ́rìí fún un, kò tún nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Àmọ́ ọkùnrin tí kò ní agbára kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí méjì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ tirẹ̀: kó gbọ́ bùkátà ilé, kí obìnrin sì máa fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ṣúgà ti ń wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ aránṣọ tó ń kó ọjà lọ sí Amẹ́ríkà ló ń gba ènìyàn síṣẹ́, obìnrin ni wọ́n sì ń gbà jù. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ obìnrin láti ìlú bíi Vicente Noble, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kọjá lọ sí Madrid láti ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń kọ́lé nílé. Ẹ wo ọkùnrin tó lọ tò ní ìparí oṣù láti gba owó tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà mọ ohun tó wá gbà. Ẹ̀rí kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kù ni yóò dì mú gírígírí, àwọn mìíràn a sì máa ná nínú owó yẹn gan-an fún àlè. Ní ti àwọn ọmọdékùnrin, bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ni gbogbo ilé gbójú lé: àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà lè gbà wọ́n láti ọmọ ọdún 16, kò sì sí ohun tó ń sọni di ọkùnrin kíákíá bíi kí ọmọ ọdún 16 ra ilé fún ìyá rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í dé ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ìyá ló tọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rọrùn jù. Ilé tí obìnrin ń darí pọ̀ gan-an níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló sì ń gbé pọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, tí ọkùnrin lè kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìyá ti ń sọ fún ọmọ ọdún méje pé òun ni ọkùnrin ilé báyìí. Ìtùnú ni, ẹrù sì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń fọ abọ́, tó sì ń se oúnjẹ kò gba oyè kankan.

Ara ọkùnrin fúnra rẹ̀ náà ń san nínú gbèsè yìí. Dómíníkì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ń pa ènìyàn jù lọ ní àgbáyé bí a bá fi wé iye ènìyàn wọn, orí alùpùpù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú sí. Ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní òpópónà lálẹ́, tí wọ́n gbé táyà iwájú sókè, tí wọ́n ń fi ti ẹ̀yìn nìkan sáré, láìdé akoto, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń fi fóònù ká fídíò. Bí fóònù kò bá sí níbẹ̀, mo gbà pé táyà méjèèjì ni yóò wà nílẹ̀. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ próstéètì, èyí tí dókítà ń fi ìka ṣe, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin ń sá fún. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹyẹ.

Gbèsè tó wúwo jù, obìnrin ló ń san án. Kí Òfin 24-97 tó jáde ní ọdún 1997, ọ̀rọ̀ inú ilé ni wọ́n ń ka ìlùkulù tí ọkọ ń lu ìyàwó sí. Òfin yẹn ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba lè fi gbé ènìyàn lọ sí kóòtù. Ọdún 2021 ni Òfin 1-21 tó fòpin sí fífi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fọ́kọ. Síbẹ̀, kì í pẹ́ kí ìròyìn tó tún gbé e pé ọkùnrin kan pa ìyàwó rẹ̀ tàbí obìnrin tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn kó pa ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Owú ni àwọn oníròyìn ń pè é. Lójú tèmi, owú nìkan kò tó àlàyé. Bí jíjẹ́ ọkùnrin bá jẹ́ oyè tí ẹlẹ́rìí ń fúnni, obìnrin tó bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ni ẹlẹ́rìí àgbà tó dìde, tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun yí ẹ̀rí òun padà. Ọkùnrin náà ti ń gbọ́ ẹ̀rín ìdí dòmínò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Èyí kò dá a láre rárá. Ibi tó yẹ ká wò ni mo ń tọ́ka sí.

Àwọn kan sì ti ń wo ibẹ̀. Ibùdó kan wà ní Santo Domingo tí wọ́n ń pè ní Centro de Intervención Conductual para Hombres, tí wọ́n ń rán àwọn ọkùnrin tó hu ìwà ipá sí aya wọn lọ. Wọ́n máa ń jókòó ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ṣe. Ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ló ń gbọ́ wọn, bíi ti ìdí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìkóríta wa, ilẹ̀ ti ṣú. Orin bachata ló ń dún láti inú colmado. Láti ìgbà tí olórin José Manuel Calderón ti gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962, ọdún kan lẹ́yìn ikú Trujillo, ni àwọn ọkùnrin ti ń fi orin yìí sunkún: obìnrin ti já a jù sílẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mọ́, oorun kò wá, ọtí ló kù. Amargue, ìkorò, ni wọ́n ń pè é, àwọn ọlọ́lá sì fojú tín-ínrín rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé orin ilé ọtí ni, kí UNESCO tó kọ ọ́ mọ́ ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2019. Ọkùnrin tó ń la dòmínò mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan ti dijú báyìí, ó ń bá olórin gbè é, ọ̀rọ̀ ẹkún látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹyẹ. Ọmọ tó wá ra ṣúgà lẹ́ẹ̀kan ti padà dé, ìyá rẹ̀ ní kó wá ra ìṣáná. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ṣéńjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà.